Ipò wo ló yẹ kí tíìmù wa mú? Bí ẹ ṣe lè ja iyàn draft NFL pẹ̀lú làákàyè

Tó bá ti di oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ọdún báyìí, gbogbo ibi tí àwa tá à ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà bá ti pàdé, iyàn kan náà ni, ti draft NFL, ìyẹn bí àwọn tíìmù lígì náà ṣe ń tò tẹ̀ léra mú àwọn ọmọ tuntun láti yunifásítì: ṣé tackle ni ká mú ni, ẹni tó ń dáàbò bo quarterback létí ìlà iwájú, àbí receiver, ẹni tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí, ṣé ká wá quarterback tuntun ni, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, àbí ká fara mọ́ èyí tó wà ńlẹ̀, ẹnìkan á ní cornerback, ẹni tó ń ṣọ́ receiver, ló ń pa wá, ẹlòmíì á ní irọ́ ni, àwọn tó ń sáré lé quarterback la ò ní. Mo fẹ́ràn iyàn yẹn débi pé nígbà míì ó máa ń dùn mọ́ mi ju eré gan-an lọ, ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn tí mo bá rí i tí wọ́n sọ ọ́ di ariwo orúkọ lásán. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ipò tó dùn wá jù ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn sáà la máa ń gbá mú, a ó wá gbàgbé pé ọmọ tí wọ́n bá mú lónìí, ọdún mẹ́rin ló máa lò ó kéré tán, àti pé àwọn ipò kan wà téèyàn lè fowó rà nígbàkúùgbà, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ ò bá mú un nínú draft, ẹ ò ní rí i rà. Lójú tèmi, orí ìyàtọ̀ yẹn ló yẹ kí gbogbo iyàn yìí dúró lé, bí mo sì ṣe máa ń tò ó nìyí.

Kọ́kọ́ mọ ohun tí píìkì kan jẹ́ lówó

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa: tíìmù 32 ló wà, ráùndì 7 ni draft, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe é, ráùndì kìíní lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìkejì àti ìkẹta lọ́jọ́ Ẹtì, ìyókù ní Sátidé. Tíìmù tó fìdí rẹmi jù ní sáà tó kọjá ló ń kọ́kọ́ mú, ẹni tó gba Super Bowl, eré àṣekágbá lígì, ló ń mú kẹ́yìn nínú ráùndì, wọ́n sì lè fi píìkì, ìyẹn àyè láti mú ọmọ kan, ṣe pàṣípààrọ̀ láàrin ara wọn, títí kan ti ọdún tó ń bọ̀. Ìyẹn ò le.

Èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í rántí ni ti owó. Lọ́dún 2010, Sam Bradford ni Rams fi píìkì kìíní mú, wọ́n fún un ní kọ́ńtíráàtì ọdún 6, mílíọ̀nù 78 dọ́là, mílíọ̀nù 50 nínú ẹ̀ sì dájú pé á wọ àpò ẹ̀ bó gbá dáadáa bí kò gbá dáadáa, kó tó ju bọ́ọ̀lù kankan rárá nínú lígì. Lọ́dún 2011 lígì àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ sí àdéhùn tuntun, Cam Newton tí Panthers fi píìkì kìíní mú lọ́dún yẹn wá gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 22 fún ọdún 4. Látìgbà yẹn, nọ́ńbà tí wọ́n fi mú ọmọ ló ń sọ owó ẹ̀, ipò tó ń gbá ò kàn án. Running back, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, tí wọ́n fi píìkì kẹfà mú àti quarterback tí wọ́n fi píìkì kẹfà mú, owó kan náà ni wọ́n ń gbà.

Ẹ ro èyí wò dáadáa o, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Quarterback tó mọṣẹ́, tó bá ti lo kọ́ńtíráàtì àkọ́kọ́ tán, á béèrè mílíọ̀nù 50 dọ́là lọ́dún kan wọ́n á sì fún un, nígbà tí running back tó dáa jù ní gbogbo lígì ò tíì gba ìdajì ẹ̀. Ìyẹn ni pé tíìmù tó bá rí quarterback gidi nínú draft ti ní owó gọbọi lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́rin láti fi ra àwọn yòókù, márùn-ún pàápàá tó bá jẹ́ ráùndì kìíní, torí tíìmù láṣẹ láti fi ọdún kan kún un. Tó bá jẹ́ running back ni wọ́n mú, kò sí owó tó pọ̀ tí wọ́n fi pamọ́. Ìdí tí àwọn ipò kan fi wọ́n ju àwọn kan lọ nínú draft nìyẹn, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jù lórí pápá.

Mú bébà, kọ orúkọ 22

Ẹ ya bébà sí méjì, ẹ kọ àwọn 11 tó ń kọlù sí apá kan, àwọn 11 tó ń dènà sí apá kejì. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan ẹ kọ ọjọ́ orí ẹ̀ àti ọdún tí kọ́ńtíráàtì ẹ̀ máa parí. Kò lè gbà yín ju wákàtí kan lọ, gbogbo ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ẹ fi àmì sí ẹni tó bá ti lé ní 30, àti ẹni tí kọ́ńtíráàtì ẹ̀ ò ju ọdún méjì lọ. Ẹni tó bá ní àmì méjèèjì, ibẹ̀ ni ihò tí ẹ ò tíì rí, torí ọkùnrin náà ṣì ń gbá dáadáa lójú yín.

Packers ti Green Bay lọ́dún 2020 lẹ máa fi mọ̀. Aaron Rodgers, quarterback wọn, ti pé 36, gbogbo alátìlẹyìn Green Bay ló ń pariwo receiver, wọ́n ní kí wọ́n bá ọkùnrin náà wá ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù sí. Tíìmù dìde, wọ́n san àfikún láti sún sókè sí píìkì 26, wọ́n mú quarterback, Jordan Love. Inú bí àwọn èèyàn gan-an. Rodgers sì gba MVP, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù, lọ́dún 2020, ó tún gbà á lọ́dún 2021, ní oṣù kìíní 2021 wọ́n pàdánù 31 sí 26 lọ́wọ́ Tampa Bay nílé ara wọn nígbà tó ku ìgbésẹ̀ kan sí Super Bowl. Ẹni tó bá sọ pé receiver kan ì bá ti yí eré yẹn padà, mi ò lè pè é ní aláìmọ̀kan. Àmọ́ bébà yẹn ì bá ti fi nǹkan kan hàn yín: lọ́dún 2023 Rodgers ti wà ní Jets, Love bọ́ sípò ẹ̀, ní sáà àkọ́kọ́ tó fi jẹ́ ọ̀gá pátápátá ó kó wọn dé playoffs, ìyẹn àwọn eré tó ń lọ sí Super Bowl, wọ́n lọ na Cowboys 48 sí 32 ní Dallas. Ẹgbẹ́ tó ń wá quarterback lẹ́yìn tí èyí tó wà ńlẹ̀ bá ti lọ tán, ojú wọn á rí màbo.

Ipò márùn-ún tó wọ́n, àti ọ̀rọ̀ running back

Àwọn tí ọjà ń san owó gidi fún ni quarterback, tackle, edge rusher ìyẹn àwọn tó ń sáré láti etí láti lọ gbé quarterback ṣánlẹ̀, receiver, àti cornerback. Ẹ lè fi defensive tackle, ẹni tó ń já wọlé láti àárín, kún un tó bá jẹ́ irú èyí tó ń dààmú quarterback. Guard àti center tó wà láàárín ìlà iwájú, safety tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, tight end tó ń gba bọ́ọ̀lù nítòsí ìlà, linebacker àárín àti running back, owó tiwọn wálẹ̀ ju ìyẹn lọ. Kicker, ẹni tó ń fẹsẹ̀ gbá a, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kó di Sátidé.

Ní ti running back, ìjà ibẹ̀ kì í tán. Giants fi píìkì kejì mú Saquon Barkley lọ́dún 2018. Ọmọ náà ò kùnà o: ó sáré yáàdì 1,307 ní sáà àkọ́kọ́, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ọmọ tuntun tó dáa jù nínú àwọn tó ń kọlù. Eré 5 péré ni tíìmù yẹn borí nínú 16. Ìlà iwájú wọn ò dáa, quarterback wọn, Eli Manning, ti dàgbà, wọ́n wá ra ẹṣin kó tó di pé wọ́n lajú ọ̀nà. Lọ́dún 2024 Barkley kó lọ sí Eagles fún ọdún 3, mílíọ̀nù 37.75 dọ́là, ó sáré yáàdì 2,005 ní sáà kan ṣoṣo, wọ́n na Chiefs 40 sí 22 nínú Super Bowl. Ẹ wo ohun tí Eagles ti ṣe sílẹ̀ kó tó dé: Lane Johnson ni wọ́n fi píìkì kẹrin mú lọ́dún 2013, Landon Dickerson àti Cam Jurgens wá láti ráùndì kejì ní 2021 àti 2022, Jordan Mailata tí kò gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí láyé ẹ̀, tó jẹ́ rugby ló ń gbá ní Australia, ráùndì keje 2018 ni wọ́n ti rí i. Wọ́n fi draft kó àwọn tó ń la ọ̀nà jọ, wọ́n wá fowó ra ẹni tó máa gba ọ̀nà náà kọjá.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ní kéèyàn má mú running back láéláé nínú ráùndì kìíní ti ki àṣejù bọ̀ ọ́. Lions mú Jahmyr Gibbs pẹ̀lú píìkì 12 lọ́dún 2023, wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àmọ́ ìlà iwájú wọn ti wà digbí, Penei Sewell wà ńbẹ̀, Frank Ragnow wà ńbẹ̀, Taylor Decker wà ńbẹ̀, ní sáà yẹn náà ni wọ́n gbá dé eré tó ṣáájú Super Bowl. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi ẹni tó bá dárúkọ running back ni: àwọn wo ló máa la ọ̀nà fún un lọ́dún yìí? Tí kò bá lè dárúkọ mẹ́ta nínú wọn, kó lọ jókòó.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń tà lóṣù kẹta

Kí draft tó dé, free agency ti ṣí ní àárín oṣù kẹta, ìyẹn ìgbà tí àwọn tí kọ́ńtíráàtì wọn ti tán lè lọ síbi tó wù wọ́n. Ẹni tó ń ja iyàn draft tí kò wo ibẹ̀, àlá ló ń lá. Guard tó ń gbá dáadáa, safety, linebacker, running back, ọdọọdún lẹ máa rí wọn níbẹ̀. Quarterback gidi tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, tackle ọmọ ọdún 25, edge rusher tó gbóná, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n dé ọjà, tíìmù wọn á ti sáré bu owó lé wọn, tàbí kí wọ́n lo franchise tag láti dá wọn dúró fún ọdún kan sí i.

Nítorí náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta, ẹ padà sórí bébà yín, ẹ pa ihò tí wọ́n ti dí rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọ̀kan: tí wọ́n bá fi ẹni ọdún 33 dí ihò fún ọdún kan, ihò yẹn ṣì wà.

Jets ọdún 2024 nìyẹn, ọ̀rọ̀ yìí sì kan orúkọ tiwa. Ní oṣù kẹta wọ́n ra Tyron Smith, wọ́n tún gba Morgan Moses lọ́wọ́ Ravens, tackle méjèèjì ti pé 33. Àwọn alátìlẹyìn ní ọ̀rọ̀ tackle ti parí nìyẹn, Brock Bowers ni kí wọ́n lọ mú, tight end Georgia tó ń mú bọ́ọ̀lù bíi pé ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tíìmù sún sílẹ̀ láti 10 sí 11, Vikings ni wọ́n jọ ṣe é, wọ́n wá mú Olumuyiwa Fashanu, Olu tí gbogbo èèyàn ń pè é, tackle Penn State. Bowers bọ́ sọ́wọ́ Raiders ní píìkì 13, ó gba bọ́ọ̀lù 112 mú ní sáà àkọ́kọ́, kò sí ọmọ tuntun kankan tó tíì mú tó bẹ́ẹ̀ rí nínú lígì. Ẹ lè fojú inú wo bí ojú àwọn tó gbè sẹ́yìn Fashanu ṣe rí.

Mo ṣì wà lẹ́yìn Fashanu. Kí sáà yẹn tó parí Smith ti farapa, Fashanu ló bọ́ sí left tackle, tackle apá òsì, nígbà tó fi máa di ọdún tó tẹ̀ lé e Smith ti fẹ̀yìn tì, Moses ti lọ sí Patriots. Tight end tí wọ́n ń wá, Mason Taylor, ráùndì kejì 2025 ni wọ́n ti mú un. Bowers dáa ju Taylor lọ, kò sí ẹni tó máa jiyàn ìyẹn, àmọ́ ẹ sọ fún mi ráùndì kejì tí wọ́n ti ń rí left tackle kó bí ẹ bá fẹ́.

(Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé orúkọ Yorùbá nínú draft á rí i pé iwájú, níbi tí wọ́n ti ń kọlu ara wọn, ni wọ́n pọ̀ sí: Boye Mafe tí Seahawks fi píìkì 40 mú lọ́dún 2022, Adetomiwa Adebawore sí Colts àti Olusegun Oluwatimi sí Seahawks lọ́dún 2023, Moro Ojomo tí Eagles mú ní ráùndì keje lọ́dún kan náà tó sì ti gba Super Bowl. Inú mi máa ń dùn láti gbọ́ bí àwọn oníròyìn wọn ṣe ń tiraka láti pe orúkọ wọ̀nyẹn dáadáa.)

Ìwọ̀n àwọn ọmọ ọdún yẹn

Ohun tí ẹ nílò ò lè mú kí ẹni tí kò sí wà. Lọ́dún 2022 Ben Roethlisberger fẹ̀yìn tì, Steelers ń wá quarterback lójú méjèèjì, wọ́n fi píìkì 20 mú Kenny Pickett. Òun nìkan ni quarterback tó jáde nínú ráùndì kìíní lọ́dún yẹn, ẹni tó tẹ̀ lé e, Desmond Ridder, píìkì 74 ni, ìyẹn ti tó kéèyàn mọ ohun tí àwọn tíìmù rò nípa gbogbo wọn. Lọ́dún 2024 Pickett ti kúrò ní Steelers. Ọdún 2024 yẹn náà wá ni quarterback 6 jáde láàrin píìkì 12 àkọ́kọ́. Ọdún ò dọ́gba.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí: fún ipò kọ̀ọ̀kan tó ṣẹ́ kù lórí bébà yín, ẹ ka iye ọmọ tí ẹ máa fi tọkàntọkàn gbà láàrin 40 àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tún ka iye tí ẹ máa gbà láàrin 41 sí 100. Tó bá jẹ́ tackle 2 níwájú, kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn, ẹ sáré mú u. Tó bá jẹ́ receiver 7 níwájú tí 6 mìíràn ṣì wà lẹ́yìn, kò sí ìdí láti máa làágùn. Lọ́dún 2020, receiver 6 ló jáde ní ráùndì kìíní, síbẹ̀ Tee Higgins ṣì wà ní píìkì 33, Michael Pittman wà ní 34.

Ọdún yẹn náà ló kọ́ wa pé ipò tó tọ́ ò ní kẹ́ ẹ má mú ẹni tí kò tọ́. Eagles nílò receiver lóòótọ́, kò sí ẹni tó bá wọn jiyàn, wọ́n fi píìkì 21 mú Jalen Reagor. Vikings tó tẹ̀ lé wọn fi 22 mú Justin Jefferson. Lọ́dún 2022 Eagles ta Reagor, Vikings yìí kan náà ló rà á. Nítorí náà tí ẹnìkan bá ní «receiver ni ká mú», ẹ bi í léèrè pé èwo.

Ẹ jẹ́ ká fi Bengals 2021 ṣe é látòkè délẹ̀

Iyàn tó dáa jù tí mo rí láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Joe Burrow, píìkì kìíní ọdún 2020, orúnkún ẹ̀ bàjẹ́ ní oṣù kọkànlá torí àwọn tó yẹ kó dáàbò bò ó ò lè dáàbò bò ó. Bengals wà ní píìkì karùn-ún. Sewell wà ńlẹ̀, tackle Oregon, ọmọ American Samoa. Ja'Marr Chase náà wà ńlẹ̀, receiver LSU, tó jẹ́ pé òun àti Burrow ni wọ́n jọ gba ife yunifásítì ní sáà 2019. Ìdajì àwọn alátìlẹyìn ní ta ló ń ra receiver fún quarterback tó wà lórí ibùsùn, ìdajì yòókù ní ẹ̀yin ẹ mú Chase jàre, ọ̀rẹ́ méjì ni wọ́n.

Ẹ mú bébà. Left tackle, Jonah Williams wà ńbẹ̀, ráùndì kìíní ọdún 2019. Right tackle, wọ́n ti ra Riley Reiff ní oṣù kẹta. Receiver, Higgins àti Tyler Boyd wà, àmọ́ A.J. Green ti lọ sí Arizona. Ihò tackle ò ṣófo tó bí ẹ̀rù Burrow ṣe jẹ́ kó rí lójú àwọn èèyàn, guard gan-an ni ihò wà, guard sì ni ohun tí wọ́n ń tà lóṣù kẹta. Ẹ wo ìwọ̀n ọdún yẹn: tackle 6 ló jáde ní ráùndì kejì. Irú Chase ò sí ní ráùndì kejì.

Wọ́n mú Chase. Sewell bọ́ sọ́wọ́ Lions ní píìkì keje. Chase gba yáàdì 1,455 àti touchdown 13, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá, Bengals tó borí eré 4 péré lọ́dún tó ṣáájú dé Super Bowl. Àwọn tó fẹ́ tackle náà ò dákẹ́, torí ìgbà 51 ni wọ́n gbé Burrow ṣánlẹ̀ ní sáà yẹn, ìgbà 9 ní Tennessee nínú eré kan ṣoṣo tí wọ́n sì tún borí ẹ̀, ìgbà 7 nínú Super Bowl.

Ẹ wá wo bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn nínú Super Bowl yẹn, Rams 23, Bengals 20, àkókò tó kù ò pé ìṣẹ́jú kan, ìgbìyànjú kẹrin tó jẹ́ ìkẹyìn, yáàdì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá. Chase ti kọjá Jalen Ramsey, cornerback Rams, ó ń sáré lọ síwájú lóun nìkan ní apá kan pápá, ọwọ́ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba touchdown tó máa pa eré náà. Burrow ò rí àyè jù ú, torí Aaron Donald, defensive tackle Rams, ti já wọlé, ó ti gbá a mú láàárín, ó ń yí i bírí, bọ́ọ̀lù fò lọ síbi tí kò sẹ́ni tó lè mú un. Àwọn tó fẹ́ Chase ń nawọ́ sí Chase, àwọn tó fẹ́ Sewell ń nawọ́ sí Donald. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ojú guard ni Donald ti kọjá. Ká ní Sewell wà ní Bengals lọ́jọ́ yẹn, etí ló máa dúró sí.

Chase lèmi náà máa mú. Ibi tí wọ́n ti ṣìṣe, Jackson Carman ni, tí wọ́n fi píìkì 46 mú ní ráùndì kejì láti tún ìlà iwájú ṣe, kò rí bí wọ́n ṣe rò. Ní oṣù kẹta 2022 wọ́n wá lọ ra Alex Cappa, Ted Karras àti La'el Collins sí ìlà iwájú, ohun tó yẹ kí wọ́n ti rà lọ́dún tó ṣáájú. Mi ò sì ní tàbùkù ẹni tó ṣì di Sewell mú, torí ó ti wọ All-Pro, àkójọ àwọn tó dáa jù nípò wọn, ní 2023 àti 2024, Lions borí eré 15 nínú 17 lọ́dún 2024. Wọ́n ti san owó àwọn méjèèjì báyìí: Sewell mílíọ̀nù 112 fún ọdún 4, Chase mílíọ̀nù 161 fún ọdún 4. Ọjà náà ti dá sí iyàn yẹn.

Kí ẹ tó sọ pé ká sún sókè

Ẹni tó bá ní ká lọ mú ẹnìkan tí nọ́ńbà wa ò tó, kó sọ iye tó máa san. Láti ìgbà tí Jimmy Johnson jẹ́ kóòṣì Cowboys ni wọ́n ti ń fi pọ́íńtì díwọ̀n píìkì, píìkì kìíní jẹ́ 3,000, ìkẹwàá 1,300, píìkì 32 jẹ́ 590, àwọn tíìmù ti ní tiwọn báyìí àmọ́ èyí ṣì wúlò fún àwa tá à ń jiyàn. Lọ́dún 2023 Panthers fẹ́ quarterback Bryce Young, wọ́n fún Bears ní píìkì 9, píìkì 61, ráùndì kìíní 2024, ráùndì kejì 2025, wọ́n tún fi DJ Moore lé e. Ráùndì kìíní 2024 yẹn di píìkì kìíní pátápátá, òun ni Bears fi mú Caleb Williams. 49ers fi ráùndì kìíní mẹ́ta àti ráùndì kẹta kan mú quarterback Trey Lance lọ́dún 2021, ẹni tó wá gbé wọn dé Super Bowl ni Brock Purdy, píìkì 262, ẹni ìkẹyìn pátápátá ní draft 2022.

Ẹ má wá fi Purdy pa iyàn o. Gbogbo ìgbà tí ẹnu bá kọ́ àwọn kan ni wọ́n máa ń sọ pé Tom Brady, quarterback tó gbayì jù, píìkì 199 ni. Òótọ́ ni, ọdún 2000. Tó bá wọ́pọ̀ ni, a ò ní máa rántí nọ́ńbà ẹ̀.

Bí iyàn náà ṣe yẹ kó lọ láàrin yín

Kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ipò lásán, kó dárúkọ ọmọ, nọ́ńbà píìkì, àti ohun tó máa fi sílẹ̀. «Mo fẹ́ cornerback» ò tó. «Mo fẹ́ cornerback yìí ní 22, mo gbà pé a ò ní rí edge rusher gidi títí di ọdún tó ń bọ̀», ìyẹn lèèyàn lè bá ẹ jà. Ẹ má jẹ́ kí eré sísá ní combine, ìdánwò àwọn ọmọ tuntun ní Indianapolis, nìkan tàn yín: John Ross sá yáàdì 40 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 4.22 lọ́dún 2017, Bengals fi píìkì kẹsàn-án mú un, kò jẹ́ ohun tí wọ́n rò. Kí ẹ sì máa bi ara yín pé, ká ní ipò yìí ò dùn wá ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn, ṣé a ṣì máa mú un?

Lẹ́yìn náà, kí oníkálukú kọ orúkọ mẹ́ta sílẹ̀ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, kó fi déètì sí i, kó fún ẹnìkan tó ṣeé fọkàn tán pa mọ́. Ẹni tí kò bá kọ nǹkan kan sílẹ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé «mo ti sọ fún yín». Àti pé kí ẹ má dájọ́ ní oṣù kẹsàn-án, ẹ má tilẹ̀ dájọ́ lópin sáà àkọ́kọ́. Àwọn tíìmù fúnra wọn ní ọjọ́ tí wọ́n ń dájọ́: lẹ́yìn tí ọmọ ráùndì kìíní bá ti gbá sáà mẹ́ta, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ bóyá wọ́n fẹ́ ọdún karùn-ún ẹ̀ àbí wọn ò fẹ́, owó ọdún yẹn sì ti ń sún mọ́ iye tí ọjà ń san fún ipò ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ gbé bébà yín jáde.